Apá Òsì Bàálù Adégbọlá

Ẹ jẹ́ kí n ti yanjú èyí nílẹ̀ kó tó di pé ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í retí: bàálù tí Adégbọlá tò sínú gáréèjì ilé ẹ̀ ní Hanwa, ó fò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fò. Ó ga ju igi máńgòrò lọ díẹ̀ lórí pápá kan lẹ́yìn Dakace, ó mì lọ mì bọ̀ bí àkùkọ tí ajá ń lé, ó sì balẹ̀ gbì, táyà kan bẹ́. Àwọn ọmọ Hausa pariwo, "Jirgi ya tashi!" Bàálù ti gbéra. Ó tán. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ìtàn wà. Apá òsì bàálù náà ni ìtàn wà, àti ohun tójú Adégbọlá rí kí aṣọ tó wà lára apá ọ̀hún tó le.

Zaria ni wọ́n bí Adégbọlá Fáníyì sí, ní Tudun Wada, Hausa ló sì kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ẹ̀ kí Yorùbá tó dé. Ará Ọ̀fà ni bàbá ẹ̀. Nígbà tí à ń wí yìí, bí ọdún 1979, Adégbọlá ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń gé irin. Tẹkiníṣíànù ni wọ́n gbà á sí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pè é ní Enjiníà, kò ní bá yín jà. Ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n wọ̀ ni. Ẹ̀wù ẹ̀ máa ń funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ọrùn ẹ̀wù á le, á dúró ṣánṣán. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ gan-an a máa bi í pé ta ló ń bá a fọṣọ. Á kàn rẹ́rìn-ín.

Òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ló ti ìlú wọn kó bàálù ọ̀hún wá, ní ègé-ègé, nínú àwọn àpótí gbọọrọ: igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, páìpù, wáyà, bọ́ọ̀tì, odindi ìdì aṣọ kan, àti ìwé tó ń júwe bí wọ́n ṣe máa tò ó. Òyìnbó ò tíì tò ju ìrù lọ tí ìyàwó ẹ̀ fi ní ooru Zaria ti tó òun, ilé yá. Ló bá kó gbogbo ẹ̀ fún Adégbọlá. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì. Ìwé yẹn ní ẹ́ńjìnnì Fọ́kísìwágìnì lèèyàn máa wá fi sí i. Ẹ gbọ́, Adégbọlá ní Fọ́kísìwágìnì kan, ìjàpá aláwọ̀ ewé. Ó tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀! Ìjàpá wá di ohun tó jókòó sábẹ́ igi dọngoyárò, adìẹ ń yé sínú ẹ̀, Adégbọlá ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni Monísọ́lá, ìyàwó ẹ̀, ẹnu ẹ̀ sì mú. "Ọkọ àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra mọ́tò," ló wí. "Tèmi ń tú u."

Wahab, ọ̀rẹ́ Adégbọlá láti kékeré, tó ń jó irin ní Dakace, ló máa ń wá bá a jó èyí tí kò bá ṣe é dè. Òun náà ní tiẹ̀ lẹ́nu: "Tó bá fò, o máa gbé mi dé Ọ̀fà. Tí kò bá fò, jẹ́ n máa kó ẹyin adìẹ lọ."

Gbogbo àdúgbò wá ń pe Adégbọlá ní Mai Jirgi, oní-bàálù. Ó dùn mọ́ ọn dé egungun. Ẹ má sì bi mí pé kí ló dé tó fi dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀; orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kékeré kọ́ nìyẹn. Ɗan mai wanki ni wọ́n ń pè é, ọmọ alágbàfọ̀.

Bàbá ẹ̀ ni Bàbá Alágbàfọ̀ Tudun Wada. Ìsọ̀ onípákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, okùn aṣọ níwájú, ìkòkò sitáàṣì lẹ́yìn, àti áyọ́ọ̀nù eléèédú méjì tó wúwo bí ọmọ ọwọ́. Babban riga, agbádá àwọn oníṣòwò ńlá, ẹ̀wù àwọn tíṣà àgbà, bàbá yẹn ló ń fọ̀ ọ́, tó ń lọ̀ ọ́. Owó ibẹ̀ ló fi rán Adégbọlá nílé ìwé. Nílé ìwé ọ̀hún, àwọn ọmọ á na apá sí i nímú: "Ɗan mai wanki, gbóòórùn mi wò, irú ọṣẹ wo ni?" Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí ẹ̀ títí tó fi gbéyàwó.

Nígbà tó kó lọ sí Hanwa, ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ ò mọ bàbá ẹ̀. Kò ní òun fi í pa mọ́ o. Wọn ò ṣáà bi í. Gbogbo Sátidé ni bàbá máa ń gun kẹ̀kẹ́ gbé àwọn ẹ̀wù ọmọ ẹ̀ wá, ẹ̀yìnkùlé ló sì máa ń gbà wọlé. Ẹnì kankan ò ní kó gba ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò ní kó gba iwájú náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àmì. Ẹni tó bá ti gbé aṣọ fún alágbàfọ̀ rí mọ̀ pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tiẹ̀. Bàbá ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní ìgò inki dúdú kan àti igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Tí aṣọ bá ti wọlé, á fi inki fa àmì sí inú ọrùn ẹ̀: ti ẹni yìí ẹsẹ̀ adìẹ, ti ẹni yẹn òbìrí kan. Ọṣẹ ò lè ṣí i. Aṣọ ilé nìkan ni kì í ní àmì, torí ta ló máa ṣì í gbé? Láti yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé títí dé ẹ̀wù ibi iṣẹ́, ọrùn ẹ̀wù Adégbọlá ò ní àmì kankan rí.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé igi parí, irin parí, ó ku aṣọ. Aṣọ tí wọ́n fi ń bo apá bàálù yẹn jọ tẹ́tírọ́ọ̀nù. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, á sọ̀ yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀. Wọ́n á wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ lórí ibẹ̀, á sún kì, á le. Tí kò bá le, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ ẹ wọnú, á máa fẹ́ ẹ síta, bàálù ò ní gbéra nílẹ̀. Adégbọlá ki áyọ́ọ̀nù oníná bọ NEPA. NEPA tí kò mú iná wá látàárọ̀ kó gbogbo gbèsè ẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Áyọ́ọ̀nù pọ́n, aṣọ lanu, ihò tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ yọ. Ó lẹ̀ ẹ́. Ó tún gbìyànjú, ibòmíì tún lu.

Monísọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ó ń wò ó. "Ṣé o ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń lọṣọ láyé yìí ni?"

"Bàbá ti dàgbà."

"Bàbá tó gun kẹ̀kẹ́ wá síbí lánàá?"

Ó ránṣẹ́ pe bàbá.

Inú bàbá dùn débi pé ó bọ́ bàtà sílẹ̀ kó tó wọ gáréèjì, bí ẹni ń wọ ilé Ọlọ́run. Ó yí bàálù po. Ó fọwọ́ ra apá ọ̀tún.

"Gbọlá, èyí ló máa fò?"

"Òun ni, Bàbá."

"Gbogbo aṣọ tí mo lọ̀ láyé, òde ìyàwó ni wọ́n ń lọ. Kò sí èyí tó ní òkè lòun ń lọ."

Ó finá sí èédú, ó fi ìka tó tutù kan ìdí áyọ́ọ̀nù, ó dún ṣà, ó mi orí, ó dúró kó rọ̀ díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ní ìpẹ̀kun apá, òun náà jó ibì kan tó tó kọ́bọ̀. "Yéè! Mo ti ba bàálù ọmọ mi jẹ́!" Adégbọlá lẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín pọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá Adégbọlá ti kú. Kó tó di ọ̀sán, apá ọ̀tún ti le pa, tẹ́ ẹ bá fi èékánná ta á, á dún kó.

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí mọ́tò fi dúró níta. Dókítà Oyèbámijí ni, ọ̀gá ní ẹ̀ka tí Adégbọlá wà, pẹ̀lú òyìnbó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n wá wo bàálù. Bàbá wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, táwẹ̀lì kan nídìí ẹ̀, èédú lójú, òógùn lára. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù lé apá òsì.

Torí òyìnbó, gẹ̀ẹ́sì ni Dókítà sọ. Ó ní iṣẹ́ yìí mà dáa o, ta ni bàbá yìí?

Kò sẹ́ni tó yọ ọ̀bẹ sí Adégbọlá. Dókítà fúnra ẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ ni, kì í sì í fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n Adégbọlá wo síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn, ó wo táwẹ̀lì, ẹ̀rín kíláàsì ọjọ́sí bú sí i létí, ẹnu ẹ̀ sì là.

"Wọ́ṣámáànù mi ni, sà."

Bàbá ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan yẹn, wọ́ṣámáànù, alágbàfọ̀, ó gbọ́ ọ. Àtìgbà tí yunifásítì ti dé ni ìyàwó àwọn òyìnbó ti ń fi pè é. Ó mọ̀ ọ́n bí orúkọ ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ, kó má bàa jó. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó da èédú nù, ó wọ bùbá ẹ̀. Ó wá yíjú sí ọmọ ẹ̀, ó tẹrí ba.

"Ọ̀gá, apá kan ti parí. Ẹ jẹ́ n máa lọ, àwọn oníbàárà ń dúró dè mí."

Bàbá tó bí i tẹrí ba fún un. Ó gbé bàtà ẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Dókítà ní, "Ṣé ibi kan wà tí mo ti lè rí bàbá yẹn? Agbádá mi kan wà nílẹ̀." Adégbọlá júwe ìsọ̀. Kí ni ì bá ṣe?

Nígbà tí Sátidé dé, Wahab ló gbé ẹ̀wù wá.

"Bàbá ní n gbé e fún ọ̀gá. Mo ní ọ̀gá wo? Wọ́n ní ìwọ. Gbọlá, o ti di ọ̀gá bàbá ẹ? Ìgbà wo ni wọ́n fi ẹ́ jẹ?"

Monísọ́lá tú ìdì náà. Ẹ̀wù funfun, ó le, kò sí ìyàtọ̀. Àfi ìgbà tó yí ọrùn ẹ̀wù padà. Ìlà gígùn kan wà níbẹ̀, ìlà kan dábùú u, kékeré kan tún dábùú u nídìí, bí ọmọdé ṣe máa ń ya bàálù. Inki dúdú. Ó wo ìkejì. Ó wo gbogbo wọn. Bàbá ti fún ọmọ ẹ̀ ní àmì.

"Kí lo ṣe fún Bàbá?"

"Kò sí nǹkan."

"Gbọlá. Mi ò rí àmì lọ́rùn ẹ̀wù yìí rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Kí lo ṣe?"

Ó sọ fún un. Monísọ́lá ò pariwo. Ó ká ẹ̀wù náà bó ṣe bá a. "Tí wọ́n bá wá bi ẹ́ nípa èmi náà," ó ní, "o máa ní nọ́ọ̀sì ẹ ni mí?"

Adégbọlá gbé ẹ̀wù lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ fọ̀ ọ́. Ó fi ọṣẹ, ó fi iyọ̀, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi kẹrosíìnì. Ọwọ́ ẹ̀ bó. Àmì ò ṣí. Apá òsì bàálù náà wà nínú gáréèjì, ó sọ̀ bí ọmú arúgbó, Adégbọlá ò ní agbára àtiwò ó. Ó ń sọ fún ara ẹ̀ lójoojúmọ́ pé lọ́la lòun máa lọ bẹ bàbá. Ọ̀la á dé, á ní iṣẹ́ pọ̀.

Dókítà Oyèbámijí ló wá fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún pa á. Ó wọ wọ́kíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Gbọlá! Alágbàfọ̀ ẹ yẹn, èèyàn gidi ni o. Mo gbé agbádá mi lọ. Ṣó o mọ̀ pé fọ́tò ẹ wà lára ògiri ẹ̀? Ìwọ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù, o tínrín bí igi ìfọyín! Mo ní, 'Bàbá, kí lọmọ yìí jẹ́ sí yín?' Wọ́n ní, 'Oníbàárà mi ni, sà. Oníbàárà mi tó dáa jù. Ó gbàgbé fọ́tò sápò ẹ̀wù, mo bá gbé e kọ́ kó má bàa sọnù.' Ha! Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣì wà nílùú yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Adégbọlá náà rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tó ṣe, ẹ̀rín yẹn ló burú jù lójú ẹ̀, kódà títí dòní. Bàbá ẹ̀ ti fi irọ́ bo irọ́ tiẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá tí kì í sọ pé aṣọ ti gbẹ tí kò bá gbẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ló fẹsẹ̀ rìn dé Tudun Wada. Ìsọ̀ kún. Bàbá gbójú sókè.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Aṣọ mélòó?"

Adégbọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbi tí omi sitáàṣì ń ṣàn gbà. Alhaji kan tó ń dúró de ríga ẹ̀ fò dìde: "Kai! Me ya faru?" Kí ló ṣẹlẹ̀?

"Ya faɗi ne," ni Bàbá wí. Ó ṣubú ni.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo máa lọ bá Dókítà, mo máa sọ fún un."

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Sọ kí ni? Èmi àgbàlagbà ti sọ fún un pé oníbàárà ni ẹ́. O fẹ́ kó wá mọ̀ pé mo parọ́? Ta ni mo torí ẹ̀ parọ́ ọ̀hún?"

Inú bí i tó fi gbàgbé àti máa pe ọmọ ẹ̀ ní ọ̀gá. Adégbọlá gbọ́ "o" yẹn, ó fẹ́ sunkún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá sílé. Ó ku apá kan."

"Mi ò lọ sí gáréèjì ẹnikẹ́ni mọ́. Ibi tí mo ti ń lọṣọ nìyí. Ẹni tó bá ní aṣọ, kó gbé e wá. Sátidé, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti mú díẹ̀."

Ẹ wò ó ná. Ká gbé apá bàálù láti Hanwa dé Tudun Wada, lójú gbogbo ayé, ìjàpá ò sì ní ẹ́ńjìnnì. Adégbọlá gbé iwájú lórí, Wahab gbé ẹ̀yìn, ọyẹ́ ń fẹ́, ó fẹ́ gbé àwọn méjèèjì fò. Ọmọdé tẹ̀ lé wọn bí ẹni tẹ̀ lé eégún.

"Mai Jirgi! Ina sauran?" Ìyókù dà?

"Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?"

"Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ là ń gbé e lọ!" Wahab fèsì látẹ̀yìn, ojú ò tì í.

"Wọ́n tún ń fọ bàálù?" Ẹ̀rín bú sọ́nà. Ẹ̀rín kíláàsì ọjọ́sí náà ni, ó kàn dàgbà ni. Adégbọlá ò lè bojú, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wà lórí.

Wọ́n gbé apá náà lé bẹ́ńṣì méjì níwájú ìsọ̀. Èrò rọ́ dé. Fọ́tò ọ̀hún wà lára ògiri lóòótọ́. Bàbá ò kí i. Ó mú ìgò inki sílẹ̀, ó ṣí i, ó mú igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó.

"Aṣọ kì í wọ ìsọ̀ mi láìlámì. Ti ta ni kí n kọ sí i?"

Gbogbo èèyàn ń wo Adégbọlá. Ó wo ilẹ̀. Bàbá dúró títí, ó gbé igi náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ìgò. Ó fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó gbé áyọ́ọ̀nù.

Ó ti lọ̀ ọ́ dé àárín nígbà tí Dókítà Oyèbámijí dé láti wá gba agbádá ẹ̀. Bàbá ló dá Sátidé fún Dókítà. Bàbá náà ló dá Sátidé fún Adégbọlá. Bàbá tí kì í ṣi ọjọ́ oníbàárà dá. Kálukú kó fún ara ẹ̀ lésì.

"Gbọlá! Ìwọ náà wà níbí?"

"Ẹ káàsán, sà." Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò. "Dókítà, bàbá mi nìyí."

"Bàbá gbogbo wa ni," Dókítà wí, ó ń nawọ́ sí agbádá ẹ̀.

Ọlọ́run mi. Ó lè dákẹ́ síbẹ̀. Ọ̀nà àjàbọ́ ti là fún un. Áyọ́ọ̀nù dúró lókè lọ́wọ́ Bàbá, kò tíì kan aṣọ.

"Rárá, sà. Òun ló bí mi. Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́ yẹn. Fọ́tò ọmọ ẹ̀ ló gbé kọ́ yẹn, òun ló sì san owó ilé ìwé ọ̀hún. Ohun tí wọ́n sọ fún yín, torí kójú má bàa tì mí ni."

Dókítà wo Adégbọlá títí. Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ó yíjú sí Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti ẹ̀wù àríyá tó wọ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀." Ó gba agbádá ẹ̀, ó lọ. Kò dágbére fún Adégbọlá. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, "Mista Fáníyì" ló ń pè é, kò sì tún béèrè bàálù lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ láéláé.

Bàbá parí iṣẹ́ ẹ̀. Ó fi èékánná ta aṣọ náà, ó dún kó. Ó wo ìgò inki tó wà ní ṣíṣí, ó wo ọmọ ẹ̀. Ó mú ìdérí, ó dé e, kò fa àmì kankan sí apá náà.

"Ẹ gbé e máa lọ," ó ní. "Ẹ dì í mú dáadáa, ọyẹ́ ń fẹ́. Kó má lọ fò kó tó délé."

Wahab gbé ẹ̀yìn. Adégbọlá ò tíì gbé iwájú.

"Bàbá, àwọn ẹ̀wù ọjọ́ yẹn ńkọ́? Èyí tẹ́ ẹ fi àmì sí?"

Bàbá ti fa aṣọ ẹlòmíì síwájú, ó ń wọ́n omi sí i.

"Inki yẹn kì í ṣí," ó ní. "O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Máa wọ̀ ọ́."